Ọ̀fìnkìn Tó Ná Mi Ní Ọjọ́ Méjì ní Igbó Gombe

Owó oṣù mi méjì gbáko ló bá ohun tí gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti dènà lọ. Bí ẹni tí ó bá mi ṣètò ìrìn-àjò mi sí Gombe, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Tanzania, bá ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé ẹni tí ó bá ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ àwọn ìnàkí (chimpanzee) inú igbó ibẹ̀, ǹ bá ti tọ́jú ara mi tàbí kí n sún ọjọ́ náà síwájú. Kò sọ ọ́. Ó gba owó rẹ̀ pé, ó fi rìsíìtì ránṣẹ́, ó sì kí mi pé kí n lọ rere. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìrírí yìí, kí ẹlòmíràn tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí Jane Goodall, obìnrin tí ó ṣèwádìí nípa ìnàkí nínú igbó, ti ṣiṣẹ́ má baà jẹ irú ìyà tí mo jẹ.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gúnlẹ̀ sí etí Adágún Tanganyika ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1960, ẹni ọdún 26 tí kò ní oyè yunifásítì kankan, tí Louis Leakey, ẹni tí ń wa egungun àwọn ènìyàn àtijọ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, rán lọ wo ìnàkí nínú igbó. Àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn kò gbà kí ọ̀dọ́bìnrin dá nìkan gbé ibẹ̀, ni ìyá rẹ̀, Vanne, bá tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kó owó jọ, mo sì mú oṣù Keje ọdún 2025 kí ó lè bọ́ sí oṣù tí òun náà dé.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, káàdì àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó bá ti rìnrìn-àjò rí mọ̀ wọ́n. Láti Kibirizi, lẹ́bàá ìlú Kigoma, ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi onígi tí àwọn ará abúlé ń wọ̀, a sì lo nǹkan bí wákàtí mẹ́ta kí a tó dé Gombe. Inú ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀fìnkìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu, n kò sì kà á sí.

Ibi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Mo ti sanwó, mo ti ń kọ orúkọ mi, ni mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òṣìṣẹ́ tí ó wà níwájú mi gbé ojú sókè. Ó ní, "Mwalimu," èyí tí í ṣe olùkọ́ lédè Swahili, "ìgbà wo ni ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀?" Mo ní eruku ni. Ó tún bi mí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, mo sì sọ òtítọ́. Ó pa ìwé ńlá náà dé, ó ní n kò lè gun òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn ìnàkí. Kí n bá ọkọ̀ àárọ̀ padà sí Kigoma, kí n má sì padà wá títí ikọ́ náà yóò fi dáwọ́ dúró.

Inú bí mi gidigidi. Mo sọ fún un pé Nàìjíríà ni mo ti wá, pé mo ní ìbòmú lọ́wọ́, pé mítà mẹ́wàá ni wọ́n ní kí àlejò fi jìnnà sí ìnàkí, èémí mi kò sì lè dé ibẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó rán mi létí ọdún 1966, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ tí ó ń jà láàárín àwọn ènìyàn àgbègbè náà bọ́ sára àwọn ìnàkí pẹ̀lú. Àwọn kan kú, apá tàbí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn rọ. Akọ àgbà kan tí Goodall sọ ní Mr. McGregor kò lè lo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́; ọwọ́ ni ó fi ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, títí àwọn olùwádìí fi ní láti fòpin sí ìrora rẹ̀ fúnra wọn. Ní ọdún 1987, àrùn èémí tún pa nínú wọn. Ó ní Goodall fúnra rẹ̀ fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ Gombe kò ju nǹkan bí kìlómítà 35 níbùú lóòró lọ, àwọn ìnàkí inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Ìyá tí ó bá bímọ kì í tún bí òmíràn títí di nǹkan bí ọdún márùn-ún. Bí ọ̀fìnkìn àlejò kan bá pa mẹ́ta péré, yóò pẹ́ kí igbó náà tó rí àrọ́pò wọn.

Mo mọ ìtàn McGregor. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ, láìmọye ìgbà. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹni tí ó gba owó mi kò so ó mọ́ ìrìn-àjò náà rárá. Nígbà tí mo pè é láti Kigoma, èsì rẹ̀ ni pé òun rò pé mo mọ̀. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń rò mí nínú. Owó ìwọlé tí mo san ti jóná, nítorí pé wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń kà á fún. Mo san owó ọkọ̀ ojú omi méjì sí i, mo san owó ilé ìtura, mo ra oògùn, mo san owó láti yí ọjọ́ ìpadàbọ̀ mi padà, káàdì báǹkì tí mo gbé láti ilé sì kọ̀, kò ṣiṣẹ́, tí mo fi ní láti bẹ àbúrò mi ní Adó-Èkìtì kí ó fi owó ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, nítorí pé n kò lè jókòó sínú yàrá kí n máa ka owó tí ó sọnù, mo ní kí awakọ̀ kan gbé mi lọ sí àwọn abúlé ìtòsí. Mo dúpẹ́ pé mo lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Goodall fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré kọjá lókè Gombe, ó sì rí i pé gbogbo òkè tí ó yí igbó náà ká ti di ìhòòhò. Àwọn ènìyàn ti pọ̀ sí i, ilẹ̀ ti ṣá, igi ìdáná ti tán. Ní 1994, àjọ tí ó dá sílẹ̀ ní 1977 bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní TACARE, wọ́n sì kọ́kọ́ bi àwọn ará abúlé ní ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́: oúnjẹ, ìlera, ilé ẹ̀kọ́. Ibi tí wọ́n ti ran wọ́n lọ́wọ́ sí nìyẹn, pẹ̀lú owó kékeré tí àwọn obìnrin ń yá ṣòwò àti ìrànwọ́ fún àwọn ọmọbìnrin láti kàwé, kí àwọn abúlé náà tó ya apá kan nínú ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ fún igbó. Ní ìdájọ́ tèmi, èyí ni iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí obìnrin yẹn ṣe, ó sì ṣeni láàánú pé ìwé tí a fi ń kọ́ni kò mẹ́nu kàn án. Mo rí ọ̀pẹ káàkiri, mo gbọ́ òórùn epo pupa tí wọ́n ń sè, ó sì dà bí ẹni pé mo wà nílé.

Ikọ́ náà dáwọ́ dúró, mo padà, òṣìṣẹ́ kan náà sì fi ẹ̀rín gbà mí. A gun àfonífojì Kakombe ní kùtùkùtù pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, lẹ́yìn àwọn olùtọpasẹ̀ tí wọ́n ti jáde ṣáájú wa. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún wa. Abo kan, nínú ìdílé tí orúkọ wọn ń fi lẹ́tà G bẹ̀rẹ̀, jókòó sórí ọ̀pẹ, ó ń jẹ ẹyìn, ọmọ rẹ̀ sì ń na ọwọ́ láti gba ẹyìn náà lẹ́nu ìyá rẹ̀. N kò rí èyí tí ń ti koríko bọ òkìtì ikán láti fi fa ikán jáde jẹ, bí akọ ìnàkí tí Goodall sọ ní David Greybeard ti ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, tí Leakey fi sọ pé a ní láti tún ìtumọ̀ irinṣẹ́ ṣe, tàbí ìtumọ̀ ènìyàn, tàbí kí a gba ìnàkí ní ènìyàn. Àkókò òjò ni ikán máa ń yọ dáadáa, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni mo lọ. Omi bọ́ lójú mi síbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge sọ fún Goodall nígbà kan pé nọ́ńbà ni ó yẹ kí ó fún àwọn ìnàkí, kì í ṣe orúkọ. Èmi tí a bí sí ilé tí ajá ti ń jẹ́ orúkọ tí ó jẹ́ òwe, n kò rí àṣìṣe rẹ̀.

Nígbà tí wákàtí wa pé, àwọn olùtọpasẹ̀ kò bá wa sọ̀ kalẹ̀. Wọn yóò tẹ̀ lé abo yẹn títí yóò fi ṣe ìtẹ́ tí yóò sùn sí, wọn yóò sì máa kọ ohun gbogbo tí ó bá ṣe. Àwọn ọmọ Tanzania bí tiwọn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró ní 1975, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ jí ènìyàn mẹ́rin gbé láti Gombe, tí àwọn àjèjì sì kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe àlékún ètò yín, ẹ mú owó dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì nìkan. Ẹ ní kí ẹni tí ń bá yín ṣètò kọ òfin ìlera ibẹ̀ sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó. Tèmi kò tíì dá kọ́bọ̀ padà.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo dé tí Goodall fi kú, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ní ẹni ọdún 91. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Wọ́n fẹ́ kí a lọ sí Igbó Ìsẹ̀, níhìn-ín ní Èkìtì, níbi tí àwọn ìnàkí díẹ̀ ṣì kù sí, kí a wá ìtẹ́ wọn lórí igi. Mo ti kọ̀wé sí àwọn òbí: ọmọ tí ó bá ń wúkọ́ ní ọjọ́ náà yóò dúró sílé.