Ẹ má fi Vaseline ra rọ́bà fílítà omi

Ẹ̀yin ará Iléṣà tí ẹ de fílítà mọ́ páìpù bòòhóólù, gíríìsì sílíkónì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó dára fún omi mímu ni kẹ́ ẹ fi ra rọ́bà róbótó ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe Vaseline, ká má tiẹ̀ sọ ti gíríìsì mọ́tò. Inú epo rọ̀bì ni Vaseline ti wá. Bó bá wọ ọ̀pọ̀ rọ́bà, wọ́n á wú, wọ́n á rọ̀, wọn ò ní jókòó sí ojú ihò wọn mọ́, lomi á bá máa kán tó, tó. Ẹ kọ́kọ́ nu iyanrìn kúrò, kẹ́ ẹ wá fi ìka ra á fẹ́ẹ́rẹ́, kó ṣáà máa dán. Bó bá pọ̀, ìdọ̀tí ló máa kó. Àmọ́ bó bá jẹ́ rọ́bà sílíkónì gan-an ni, ẹ má fi gíríìsì yìí sí i o, á mú kó wú.