Má fi ìkórè gbogbo ìlú wọn ewu oko rẹ

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí: èèyàn á mú ìkórè àgbàdo gbogbo Nàìjíríà, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, á ní èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè sọ̀kalẹ̀ lọ́dọọdún ni ewu rẹ̀ kéré. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ká ní ẹnìkan ní oko ní àkùrọ̀ lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹlòmíì ní tirẹ̀ lórí òkè oníyanrìn. Lọ́dún tí òjò pọ̀, omi bo àkùrọ̀: tọ́ọ̀nù 1 ló kó lórí hẹ́kítà kan, ti òkè kó 3. Lọ́dún kejì ọ̀dá dá, òkè kó 1, àkùrọ̀ kó 3. Ẹ pa á pọ̀, kí ẹ pín in: 2 lèṣí, 2 lọ́dún yìí. Lórí ìwé, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ bi ẹni tó kó tọ́ọ̀nù 1 wálé, tó sì jẹ gbèsè ajílẹ̀. Bí oko bá ṣe ń pọ̀ nínú ìṣirò ni ewu ń fara pamọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà sì tóbi tó Bẹ̀nẹ̀ lọ́nà 8. Bí iye wọn bá tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ bákan náà, oko wọn kọ́ ló jọra.

Ìdí nìyí tí ìbánigbófò tó ń wo ìpíndọ́gba ìkórè àdúgbò kó tó sanwó fi lè fi ọ́ sílẹ̀ lófo. Béèrè kí o tó fọwọ́ síwèé.

Má sì pa ìgbà méjì pọ̀. Àgbàdo òjò àkọ́kọ́ àti ti òjò ìkẹyìn kì í bá ewu kan náà pàdé, níhìn-ín àti ní Kétu ti Bẹ̀nẹ̀. Ní Kandi, lókè Bẹ̀nẹ̀, òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Ẹ ṣọ́ òṣùwọ̀n ilẹ̀ pẹ̀lú: èmi náà ti ṣèèṣì ka éékà sí hẹ́kítà rí. Hẹ́kítà kan jẹ́ éékà 2.47; òru kan gbáko ni mo fi tún un ṣe.

Ti ẹ̀gẹ́ tún yàtọ̀. Bí owó gàrí bá wálẹ̀, olóko á fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ di oṣù 18 kó tó hú u. Ìkórè tó kéré lọ́dún yẹn kì í ṣe àdánù, ọjà ló ń dúró dè.

Lákòótán, ilẹ̀ tí a gbìn ni kí ẹ fi pín ìkórè, kì í ṣe ilẹ̀ tí a kórè nìkan. Oko tí màlúù jẹ tán, tí olóko ò padà débẹ̀ mọ́, kò sí lára ilẹ̀ tí a kórè.