Bí mo ṣe ń fi ayò ọlọ́pọ́n kọ́ ọmọ ní ìṣirò

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì kẹrin ni mo sì pẹ́ sí jù. Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn ọmọ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: "Ojúlé kẹjọ ni! Ojúlé kẹjọ ló máa parí sí!" Ìṣirò là ń ṣe níbẹ̀ o. Ayò là ń ta, ìṣirò là ń ṣe.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ yín. Ẹ má sọ ayò di ẹ̀bùn ọjọ́ Ẹtì fún ọmọ tó bá tètè ṣiṣẹ́ tán. Ọmọ tó ti mọ ìṣirò tẹ́lẹ̀ ló máa tètè ṣe tán, òun náà ni yóò rí ayò ta. Èyí tí ayò ì bá ràn lọ́wọ́ á wà nídìí ìwé, á máa yọjú wò wọ́n. Àárín iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ gbé e sí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé kíláàsì, kò bọ́ sí i rárá. Ọpọ́n onígi bàbá mi àgbà ni mo gbé lọ, ẹyọ kan ṣoṣo, fún ogójì ọmọ. Àwọn méjì ń ta, àwọn méjìdínlógójì ń ti ara wọn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ọmọ ayò mẹ́ta ti rá sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ọmọ méjì ti wọ̀yá ìjà, ọ̀gá wa sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi mí bóyá ilé ìwé ni mo wà àbí ìdí ọdán. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: ọpọ́n kan kò lè bọ́ ogójì ọmọ.

Ibi tí mo ti rí ọpọ́n wàyí ni ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹyin. Kíréètì oníbébà, èyí tó ń gba ẹyin 30, ihò márùn-ún ló ní ní ìbú, mẹ́fà ní gígùn. Bí ẹ bá fi àbẹ gé e ní ìlà méjì-méjì, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́fà, ọpọ́n ayò ti dé. Kíréètì kan á fún yín ní ọpọ́n méjì, ìlà kan á sì ṣẹ́kù. Ẹ má sọ ìlà yẹn nù. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó bá ṣẹ́kù nínú kíréètì mìíràn.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ lo kíréètì, ilé ni mo jókòó sí tí mo gé gbogbo rẹ̀ fúnra mi. Mo fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣòfò. Lọ́dún kejì, mo gbé kíréètì mẹ́rin sórí tábìlì, mo ní, "Ọpọ́n mélòó la máa rí níbí?" Wọ́n ní mẹ́jọ. Mo dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dìde, ó ṣa ìlà mẹ́rin tó ṣẹ́kù jọ, ó tò wọ́n ní méjì-méjì, ó ní, "Àǹtí, méjì ṣì wà níbí." Òun ló kọ́ kíláàsì ní 120 pín sí ọ̀nà 12 lọ́jọ́ náà. Ọpọ́n mẹ́wàá, ihò kan kò ṣẹ́kù.

Ọmọ ayò gidi, èyí aláwọ̀ eérú tó máa ń dán yẹn, kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa mọ́. Kóró àgbálùmọ̀ là ń lò. Ọpọ́n kan ń gba 48, ọpọ́n mẹ́wàá á gba 480. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ogójì bá mú kóró 12 wá, ó pé géérégé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èèrà á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má lo àgbàdo: ó kéré jù fún ìka ọmọ láti máa já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí ebi ń pa á sì jẹ ẹ́.

Ọmọ mẹ́rin ni mo ń fi sídìí ọpọ́n kan. Àwọn méjì ń ta, ẹnì kan ṣe adájọ́, ẹnì kan ṣe akọ̀wé, wọn a sì máa pààrọ̀ ipò.

Òfin ayò kò pọ̀. Ihò ọpọ́n là ń pè ní ojúlé. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, apá ọ̀tún là ń já a lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ayò tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ bá bọ́ sí ojúlé ẹnìkejì, tí ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Bí èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkejì náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ìyẹn pẹ̀lú, títí o fi kan ojúlé tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì bá gbẹ, o ní láti bu fún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló pa ẹnìkejì.

Òfin tèmi ni mo fi kún un, òun sì ni ẹ̀kọ́ gan-an: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojúlé láìjẹ́ pé ó ti sọ ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí. Bó bá ṣì í, adájọ́ á ní kó tún un sọ. Tìrẹ ni ojúlé 1 títí dé 6, ti ẹnìkejì ni 7 títí dé 12. Ọmọ márùn-ún wà ní ojúlé 3 rẹ: 3 pẹ̀lú 5 jẹ́ 8, ibẹ̀ ló ń lọ. Ọmọ mẹ́jọ wà ní ojúlé 6 ńkọ́? 6 pẹ̀lú 8 jẹ́ 14, kò sì sí ojúlé 14. Ibí yìí ni ojú ọmọ máa ń pọ́n! Mo máa ń nawọ́ sí aago ara ògiri. Bí aago mẹ́fà bá lù tí wákàtí mẹ́jọ sì kọjá, aago mélòó ló máa lù? Méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni 14, ẹ yọ 12, ó di ojúlé 2. Ọmọ tí kò mọ aago á kọ́ ọ nídìí ayò, èyí tó mọ̀ ọ́n á fi ṣẹ́gun.

Tí odù bá wá dé, ìyẹn ojúlé tí ọmọ rẹ̀ ti tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò náà á tún yí díẹ̀, torí a kì í já ọmọ kankan sí ojúlé tí a ti kó o. Odù ọmọ 14 ní ojúlé 5: 5 pẹ̀lú 14 jẹ́ 19, ẹ fi ẹyọ kan lé e nítorí ojúlé tí a fò, ó di 20, ẹ yọ 12, ojúlé 8. Mi ò kì í sọ èyí fún wọn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣì í títí ẹnì kan á fi pariwo pé, "A fo ilé kan!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan. Ní orí ìwé, 2 + 3 + 2 lè gbà á ní ìṣẹ́jú gbáko, ìka ni yóò máa kà lábẹ́ tábìlì, kó má bàa hàn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mẹ́ta ló wà ní ojúlé 6 rẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹnìkejì, ọ̀kan wà ní 7, méjì ní 8, ọ̀kan ní 9. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wò ó, ètè rẹ̀ ń mì, ó ní, "Kẹsàn-án ló máa bọ́ sí. Màá jẹ méje." Ó já a: méjì, mẹ́ta, méjì. Ó kó méje. Mo gbé ìwé síwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní kó kọ ohun tó jẹ sílẹ̀. Ó kọ 2 + 3 + 2 = 7, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ nílùú òkèèrè. Ẹ má jẹ́ kí àkókò yẹn bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ayò tí kò dé inú ìwé, inú ọpọ́n ló máa ṣẹ́kù sí.

Kóró yìí kan náà ni mo fi ń kọ́ wọn ní òǹkà Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ 17 lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹẹ́tàdínlógún kàn jẹ́ ariwo létí wọn. Mo ní kí wọ́n ka ogún kóró sílẹ̀, kí wọ́n mú mẹ́ta kúrò. Ogún, dín mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọmọ ayò orí ọpọ́n: àádọ́ta dín méjì, méjìdínláàádọ́ta. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan: ogún lé mẹ́rin, mẹ́rìnlélógún. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí èmi ń rí lórí ọpọ́n nìyí: ìyọkúrò ti wà nínú orúkọ òǹkà wa kí tíṣà tó dé.

Ìdí ọdán gba èébú, wọn a máa pe ẹni tó ń jẹ ní ọ̀ta, wọn a máa pe ẹnìkejì ní òpè. Kíláàsì mi kò gbà á. Ọmọ tó bá pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lópè á fi ipò ọ̀tayò sílẹ̀, á di akọ̀wé. Bàbá kan sì wá bá mi pé ayò kì í ṣe eré ọmọbìnrin. Mo kí wọn, mo fún wọn níjòókòó, mo ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo wà tí bàbá mi àgbà fi ayò lé mi lọ́wọ́. Mo wá ní kí wọ́n bá ọmọ wọn ta ìdí kan. Bí wọ́n ṣe nawọ́ báyìí, ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ló máa parí sí?" Wọ́n ní láti fa ọwọ́ padà, kí wọ́n kà á.

Àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ máa ń fẹ́ràn kí n sọ ti ọdún 2002 fún wọn, nígbà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, John Romein àti Henri Bal, ní Amsterdam fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà wá gbogbo ọ̀nà tí irú ayò yìí lè gbà lọ. Bí àwọn méjèèjì kò bá ṣì í ta rárá, òmì ni, 24 sí 24. Wọ́n máa ń gbìyànjú àtita òmì fún odindi ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìṣẹ́jú 35 ni mo ní. Ogún fún títa, mẹ́wàá fún ìwé, márùn-ún fún kíkó kóró. Akọ̀wé á kọ òǹkà mẹ́ta: ohun tí ẹni àkọ́kọ́ jẹ, ohun tí ẹnìkejì jẹ, ohun tó kù lórí ọpọ́n. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 48 kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé ọpọ́n kẹta kọ 17, 12, 18. Ó rò ó pọ̀, ó ní, "Àǹtí, 47 ni. Ọ̀kan sọnù." Wọ́n tú abẹ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n gbọn báàgì. Abẹ́ ọpọ́n ni kóró náà há sí, níbi tí gọ́ọ̀mù ti tú. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà kí wọ́n tó lọ jẹun.