Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá fẹ́ fi páànù olódòdó rọ́pò àjà àtijọ́

Láti Kàbà dé Ìsánlú, dé Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ Òkun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà ní Abuja àti Èkó ń wálé wá tún ilé bàbá wọn ṣe. Àjà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbójú sókè wò: pátákó tó ti rọ̀ wálẹ̀, tí omi òjò ti sọ di aláwọ̀ tíì, tí eku ń fi gbogbo òru sáré lórí rẹ̀. POP ń gbowó lórí, àjà rọ́bà kò sì wù wọ́n, ni wọ́n bá ní páànù alumíníọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ òdòdó sí lára ni àwọn fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò wọ́n, ó ń dán, ikán kò sì lè jẹ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1880 ni irú àjà onípáànù yìí ti gbòde, torí àwọn tí apá wọn kò ká iṣẹ́ ọnà funfun tí àwọn olówó ń rẹ́ sí àjà. Iṣẹ́ tó dára ni, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi bí mo bá rí i tí àwọn èèyàn ń fi owó gidi bà á jẹ́.

Èkíní, ẹ má fi àjà tuntun bo òrùlé tó ń jò. Ẹ tún òrùlé ṣe ná.

Èkejì ni ti asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ìyẹn fọ́nrán òkúta tí wọ́n máa ń pò mọ́ símẹ́ńtì, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ládùúgbò wa láàárín ọdún 1970 sí 1990 ló ní àjà funfun líle yẹn. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, nítorí náà ẹ gbà pé ó ní in. Eruku rẹ̀ ni ewu. Fọ́nrán inú eruku náà kéré débi pé ojú kò lè rí i. Bí èèyàn bá fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí ẹni náà ti gbàgbé pé òun fọ́ àjà rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí irú asibẹ́sítọ́ọ̀sì tí kì í fa jẹjẹrẹ.

Síbẹ̀, mo dé ilé kan lọ́nà Ìyàrà, mo bá àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ wálẹ̀ láìbo imú, eruku bo irun wọn bí ẹni tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ bọ̀. Ìyá onílé ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ jáde.” Ìyá ní, “Eruku lásán ni, a ó wẹ̀.” Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Àmọ́ káfíńtà tó gba iṣẹ́ náà mọ̀, ó sì dákẹ́.

Bí pátákó náà bá ṣì le, tí kò fọ́, ẹ má yọ ọ́ rárá. Ẹ kan igi tuntun sábẹ́ rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, kí ẹ kan páànù mọ́ igi náà. Ó dín owó kù, ó sì dín ewu kù. Bó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ pa iná ilé, ẹ fi omi rin pátákó náà dáadáa, ẹ yọ ìṣó, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lódindi. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀. Ìbòmú aláṣọ kò ká eruku yìí, èyí tí wọ́n ṣe fún eruku olóró ni kí ẹ rà. Ẹ wé pátákó náà sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí kànga àti odò. Ẹ má sun ún, ẹ má sì fi ṣe ilé adìẹ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ra páànù tó nípọn tó mìlímítà 0.55, èyí tí wọ́n fi ń kan òrùlé. Kò sí ìjì nínú pálọ̀.

Ẹ̀kẹrin ló ń dùn mí jù: kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ ìkànmọ́ láti igun. Ilé àtijọ́ wa, pàápàá èyí tí wọ́n fi amọ̀ mọ tí wọ́n wá rẹ́ símẹ́ńtì sí lára, ògiri rẹ̀ kì í gún. Bí ẹ bá gbára lé ògiri, páànù àkọ́kọ́ á bá ògiri tẹ̀, èkejì á bá àkọ́kọ́ tẹ̀, nígbà tí ẹ bá fi máa dé ọ̀kánkán, òdòdó ti ń rìn gba ọ̀tọ̀. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Mọ̀pà ní pálọ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12 àti íńṣì 4. Páànù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì-méjì ni wọ́n rà. Àwọn oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti igun, wọ́n kan mẹ́fà, ó wá ku íńṣì 4. Wọ́n gé páànù, wọ́n fi ègé tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn há ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà, tí gbogbo àlejò ń kọjú sí. Òdòdó gé sí méjì, kò dọ́gba. Nígbà tí Bàbá ní kí wọ́n yọ ọ́, ihò ìṣó ti lu páànù, kò ṣeé kàn mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n tún fi ra òmíràn.

Bí wọ́n bá ti ṣírò láti àárín ni, páànù márùn-ún lódindi ló máa wà láàárín, íńṣì 14 á kù lọ́tùn-ún, 14 lósì, kò sẹ́ni tó máa rí i pé wọ́n gé nǹkan kan. Ẹ wá àárín ògiri méjì tó kọjú síra, ẹ na okùn tí ẹ fi ẹfun pa láàárín wọn. Ẹ na èkejì dábùú rẹ̀. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan láti ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹ wọn 4 lórí èkejì. Bí ìwọ̀n láàárín orí méjèèjì bá jẹ́ 5 gẹ́lẹ́, igun yín gún. Bí kò bá jẹ́ 5, ẹ tún okùn fà. Kí ẹ tó gun àkàbà rárá, ẹ tẹ́ páànù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ wò ó.

Òmíràn tún wà lórí ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í bìkítà fún. Àárín ni a ti ń wọn ọ́n, àmọ́ ọ̀kánkán ìlẹ̀kùn ni a ti ń kàn án bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Bí páànù bá ń gun ara wọn báyìí, etí wọn á kọjú sí ògiri òdìkejì, ẹni tó ń wọlé kò ní rí ojú àsopọ̀. Bí ẹ bá ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀, gbogbo etí ni àlejò máa máa kà.

Igi ńkọ́? Ẹ má lo igi àtijọ́ tó ti lọ́, ẹ má sì lo tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bí igi bá gbẹ tán lórí, á fún, á sì lọ́, páànù á wá wú kúlúkúlú, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé á sì fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ̀yìn gbogbo ojú àsopọ̀ ni igi gbọ́dọ̀ wà, bí páànù bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì, kí àárín igi sí àárín igi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Iná mànàmáná kò gba àṣìṣe. Wáyà àtijọ́ tí rọ́bà rẹ̀ ti ya, bó bá fi lè kan páànù, iná á wà lára gbogbo àjà yẹn. Ẹni tó gun àga lọ pààrọ̀ gílóòbù lè kú síbẹ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kí káfíńtà tó dé: kó pààrọ̀ wáyà, kó fi gbogbo ìsopọ̀ sínú àpótí, kó fi rọ́bà sí etí ihò tí wáyà ń gbà kọjá, kó sì so àjà náà mọ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀.

Ìṣó irin lásán kò bá alumíníọ́ọ̀mù lò, pàápàá ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀: ọ̀rinrin á mú kí páànù máa jẹ yí ìṣó ká. Ìṣó alumíníọ́ọ̀mù tàbí skúrúù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Bó bá jẹ́ páànù onísíńkì lẹ rà tí ẹ fẹ́ kùn ún, ẹ má da ọ̀dà olóróró sí i tààrà, á bó. Ẹ fi ọṣẹ fọ òróró ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀dà àkọ́kùn tí wọ́n ṣe fún síńkì kùn ún, kí ẹ tó kun àwọ̀ tó wù yín.

Ẹ dí ihò abẹ́ òrùlé tí àdán ń gbà wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde o. Ìtọ̀ wọn máa ń ba páànù jẹ́.

Kí ẹ sì ra páànù mẹ́rin tàbí márùn-ún lé, kí ẹ tò wọ́n nílẹ̀ pẹlẹbẹ níbi gbígbẹ. Lọ́dún méjì òní, bí ẹ bá padà lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin lọ béèrè irú òdòdó yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ máà rí i rà mọ́.