Bí ẹ ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ kiri abúlé ilẹ̀ Faransé láì bá mọ́tò du ọ̀nà

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí yìí, ológeere ni o, èyí tí à ń fẹsẹ̀ wà, kì í ṣe Márúwá. Àgbádárìgì ni mo ti mọ̀ ọ́n gùn, àárọ̀ kùtù ni mo máa ń gbé e lọ sí Màrínà létí ọ̀sà kí ariwo ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí lójú títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ mọ ohun tójú ń rí, trélà ń fọn fèrè lẹ́yìn, ọ̀kadà ń bọ̀ ní wáńwéè, dánfó tó fẹ́ já èrò á kàn ya bàrá síwájú ẹni. Ìgbà tí mo wá dé ìgbèríko Faransé, mo gun kẹ̀kẹ́ fún bíi wákàtí kan, mọ́tò mẹ́ta péré ló kọjá lára mi, mò ń gbọ́ ohùn ẹyẹ, mò ń gbọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi, ó dùn mọ́ mi débi pé mo dúró, mo jókòó sétí oko àlìkámà kan, mi ò fẹ́ lọ mọ́. Ó wù mí kí ẹlòmíì nínú wa náà rí i, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o, ọ̀nà tó pa rọ́rọ́, wíwá ni wọ́n ń wá a, orí máàpù lẹ sì ti máa kọ́kọ́ rí i kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dà.

Ẹ wo lẹ́tà tó wà níwájú nọ́ńbà ọ̀nà. A ni autoroute, ọ̀nà márosẹ̀ tí mọ́tò ti ń sáré, kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. N ni ọ̀nà ìjọba orílẹ̀-èdè wọn, trélà ló ni ín, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. D ni èyí tí département ń tọ́jú, ẹ sáà fi wé ìpínlẹ̀ tiwa, C sì ni ti abúlé. Inú D àti C niṣẹ́ wa wà. Wọ́n á sọ fún yín pé D tí nọ́ńbà ẹ̀ bá gùn ló máa ń dákẹ́, òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mú àlejò, torí ní 2006 ìjọba kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà N lé àwọn département lọ́wọ́, wọ́n yí nọ́ńbà wọn padà, N20 di D820, N113 di D813 lápá Toulouse lọ́hùn-ún, nọ́ńbà gùn gbọọrọ, ọ̀nà ọkọ̀ ńlá ṣì ni.

Àwọ̀ ló ṣe é gbára lé. Máàpù oníbébà ti Michelin ni mo fẹ́ràn, pupa ni ọ̀nà ńlá, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, funfun ló kéré jù, funfun yẹn ni tiwa. Lórí èyí tó jẹ́ 1:200 000, sẹ̀ńtímítà kan jẹ́ kìlómítà méjì, ìka lásán lẹ lè fi wọn ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá rí àmì bí orí ọfà lójú ọ̀nà, òkè nìyẹn, bó bá ṣe pọ̀ tó lòkè náà ṣe ga tó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì jẹ́ ará etí ọ̀sà bíi tèmi, tílẹ̀ wa tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ má fojú di ọfà kan ṣoṣo. Ohun kan tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi wádìí ni pé níbi tí ọ̀nà pupa bá ti ń lọ, tí funfun kan ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, funfun yẹn máa ń ṣófo, torí gbogbo ẹni tó ń kánjú ti bọ́ sórí pupa. Èyí tó bá jẹ́ òun nìkan ló so ìlú méjì pọ̀, kódà kó jẹ́ funfun, ọkọ̀ á wà ńbẹ̀, pàápàá láàárọ̀ tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tí ò ṣe é rí, kó kọ́kọ́ lo voie verte fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ọ̀nà tí mọ́tò ò gbọdọ̀ gbà ni, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ojú irin àtijọ́ tàbí etí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́. Èyí tó wà láàárín Givry àti Cluny ní Burgundy, réluwé ló ń gbà á tẹ́lẹ̀, 1997 ni wọ́n ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, ó tẹ́jú, torí réluwé ò lè gun òkè gàgàrà. Canal du Midi náà wà, odò àfọwọ́gbẹ́ ni, kìlómítà 240 láti Toulouse dé ọ̀sà Étang de Thau nítòsí òkun, Pierre-Paul Riquet ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1666, ó kú ní 1680, ọdún kejì ni wọ́n ṣí i. Tẹ́ ẹ bá ti rin bíi kìlómítà 50 kúrò ní Toulouse, ọ̀dà ti tán, lọ́pọ̀ ibi ilẹ̀ àti gbòǹgbò igi ló kù, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò gbà á. Àmì ojú ọ̀nà La Loire à Vélo, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gba etí odò Loire, dáa gan-an, ó tó kìlómítà 900, ṣùgbọ́n ní July àti August oníkẹ̀kẹ́ pọ̀ ńbẹ̀, May, June tàbí September ló dáa jù. Èmi o, ọ̀nà funfun ni mo yàn, torí inú abúlé ló ń gbà.

Abúlé wọn sì ní aago tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì láti aago méjìlá ọ̀sán dé méjì, ọ̀sán Sunday ẹ ò ní rí nǹkan rà, Monday gan-an ló burú jù. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, Monday kan báyìí, abúlé mẹ́rin ni mo kọjá, ilé búrẹ́dì méjì tí mo rí ti ti ilẹ̀kùn pa, ẹ̀pà tí mo dì láti ilé ni mo jẹ sùn. Àárọ̀ Sunday ni mo ti máa ń ra ti Monday pamọ́ báyìí, búrẹ́dì, wàràkàṣì, tòmátì.

Omi ńkọ́? Itẹ́ òkú. Mo mọ̀ pé ara á bu àwọn kan máṣọ, tèmi náà bù máṣọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró síta fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wọlé. Ògiri òkúta kúkurú, géètì irin, ẹ̀rọ omi lápá ọ̀tún, agolo aláwọ̀ ewé mẹ́ta tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó fi kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, omi náà tutù débi pé ó ń ta eyín. Omi ẹ̀rọ ìlú ló sábà máa ń jẹ́. Ibi tí wọ́n bá kọ "eau non potable" sí, ẹ má mu ún o, ẹ fi bọ́jú lásán.

Kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kí i, bonjour madame, bonjour monsieur, bí à ṣe ń kí àgbà nílé gan-an ni. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń béèrè iye ọjà láì kí ìyá tó ń tà á, ẹni tí ò gbẹ̀kọ́ ni wọ́n á kà á sí. Àwa ará Àgbádárìgì ò ní ṣòro ńbẹ̀, Faransé ti ń dún sí wa létí láti Sẹ̀mẹ̀, abúlé tí wọ́n ti ń kọ́ èdè náà sì wà ní Àjàrá nílé wa níbí.

Ti kẹ̀kẹ́, táyà tó fẹ̀ díẹ̀, gíà tó rọrùn fún òkè, báàgì méjì lẹ́yìn, ẹ má gbé e kọ́ ẹ̀yìn ara yín. Kò sí fọ́kánáísà létí ọ̀nà bíi tilé o, ẹ mú túbù méjì, gọ́ọ̀mù, pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ sì ti pààrọ̀ túbù nílé títí tọ́wọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Kìlómítà 50 lóòjọ́ tó. Tẹ́ ẹ bá ní tẹ́ǹtì, camping municipal, ibi ìpàgọ́ tí abúlé fúnra ẹ̀ ní, ò wọ́n.

Òfin wọn: apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, bí àwa náà ṣe ń gbà á nílé láti April 1972. Ẹ má fi nǹkan sétí gbọ́ orin, owó ìtanràn 135 yúrò ni. Lálẹ́, iná pọn dandan, lẹ́yìn ìlú, ẹ̀wù àwọ̀lékè tó ń dán náà pọn dandan. Mọ́tò tó fẹ́ kọjá lára yín lẹ́yìn ìlú gbọ́dọ̀ fi mítà 1.5 sílẹ̀. Èyí tó léwu ni priorité à droite, níbi tí kò bá ti sí àmì kankan, ọkọ̀ tó yọ láti apá ọ̀tún ló lọ́nà, kódà kó jẹ́ inú kọ̀rọ̀ kékeré ló ti ń bọ̀, ẹ rọra níbẹ̀.

Réluwé TER, èyí tó ń ná àwọn ìlú inú agbègbè kan, máa ń gbé kẹ̀kẹ́, lọ́pọ̀ ibi wọn kì í gbowó, àwọn apá ibì kan fẹ́ kẹ́ ẹ ti gba àyè sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Físà Schengen ni ẹ máa gbà, ó gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó tó 30 000 yúrò. Kí físà tó jáde, ẹ di báàgì méjèèjì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ kó gààrí àti omi sí i kó wúwo, ẹ gùn ún láti Màrínà lọ sí Àjàrá láago mẹ́fà àárọ̀, lọ àti bọ̀, kẹ́ ẹ rí bó ṣe ń fà yín sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì.