Bí Wọ́n Bá Fi Àwo Orin Àlòkù Ránṣẹ́ sí Yín Bíi Tuntun

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra rẹ́kọ́ọ̀dù kan lórí ayélujára tí ẹni tó ń tà á sọ pé tuntun ni, pé ẹnikẹ́ni kò tú u rí. Lóòótọ́ ni ọ̀rá wà lára rẹ̀ nígbà tó dé, ó sì ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sí abẹ́ iná, mo rí ojú ibi tí wọ́n ti ṣí ìwé iye owó kúrò ní igun òkè àpò rẹ̀, tí gọ́ọ̀mù ibẹ̀ ti dúdú nítorí eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn. Abẹ́ ọ̀rá ni gọ́ọ̀mù náà wà, kì í ṣe orí ọ̀rá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo kì í lẹ iye owó mọ́ àpò kí ó tó wé e, nítorí náà ẹnì kan ti tà á rí, ẹlòmíràn ti tú u, wọ́n sì ti wé ọ̀rá mìíràn mọ́ ọn. Ká ní mo fi ìwàǹwára fa ọ̀rá náà ya ni, n kì bá tí rí nǹkan kan fi hàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé iṣẹ́ ń bẹ láti ṣe kí a tó fọwọ́ kan ọ̀rá. Ẹ kọ́kọ́ padà sí ojú ewé tí ẹ ti ra ọjà náà, kí ẹ ya àwòrán ohun tí ọlọ́jà kọ síbẹ̀, nítorí ó lè yí i padà ní kété tí ẹ bá ti fẹjọ́ sùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó lò gan-an. Lórí Discogs, ojúlé ayélujára tí wọ́n ti ń ta àwo orin, fún àpẹẹrẹ, òṣùwọ̀n ìwé ìròyìn Goldmine ni wọ́n ń lò: Mint (M) ni àwo tí kò ní àbàwọ́n kankan rárá, Near Mint (NM) ni èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Very Good Plus (VG+) ló sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó kọ NM kò sọ pé tuntun ni, kò sì parọ́ bó bá fi èyí tí wọ́n ti gbọ́ ránṣẹ́. Ẹni tó kọ Mint, tàbí tó kọ ọ́ gbangba pé tuntun ni, ni ẹ lè dì mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù sí ibi tí yóò ti máa ká fídíò, kí ẹ sì tú páálí níwájú rẹ̀ láìdá fídíò náà dúró, kí orúkọ àti nọ́ńbà ara páálí hàn dáadáa. Ẹ yí àpò àwo náà síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná. Bí igun àpò bá ti wó tí ọ̀rá tó bò ó kò sì ní ìpalára kankan, tàbí bí òǹtẹ̀ roboto ti àwo inú rẹ̀ bá ti yọ lára àpò bí ìgbà tí wọ́n ti tò ó fún ọdún pípẹ́, ẹ fura. Àmọ́ àìsí ọ̀rá nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í wé ọ̀rá mọ́ àwo wọn rárá.

Òfin pàápàá fún wa ní ìdí láti má ṣe kánjú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin 2011/83/EU fún ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò lórí ayélujára ní ọjọ́ 14 láti dá a padà láìsọ ìdí kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kò sí mọ́ fún rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí sídì tí wọ́n dì, bí oníbàárà bá ti já èdìdì rẹ̀. Ẹni tí ara bá ti fu tẹ́lẹ̀ lè dá tirẹ̀ padà bó ṣe wà, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tó ti tú u kò pàdánù gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ o, nítorí pé ọjà tí kò bá ohun tí a sọ nípa rẹ̀ mu jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n òun ni yóò máa wá ẹ̀rí kiri.

Ibi tí rẹ́kọ́ọ̀dù ti máa ń jẹ́wọ́ jù ni ihò àárín rẹ̀. Ẹ di etí àwo mú, kí ẹ sì gbé lébẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn bébà roboto àárín rẹ̀, dá sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnì kan bá ti ń gbé e sórí ẹ̀rọ, irin kékeré tó dúró láàárín ẹ̀rọ á máa ha lébẹ̀lì kí ó tó bá ihò, yóò sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sílẹ̀ yí ihò náà ká. Ìlà kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀ ní ojú méjèèjì, wọ́n ti gbọ́ ọ, kò sí àsọyé mìíràn. Ojú ìka lórí ibi tí orin wà náà kì í purọ́, bí kì í bá ṣe ìka tiyín.

Ẹ má ṣe fi ariwo tí àwo ń pa gbe ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àwo tuntun lè máa ta pàrà pàrà nítorí eruku tàbí nítorí pé wọn kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àpò bébà inú rẹ̀ sì lè ha á díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àwo tó wọ́ tàbí àpò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ya lè jẹ́ iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Àbùkù nìwọ̀nyí, ẹ sì lè torí wọn dá ọjà padà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di àlòkù.

Sídì kò fi bẹ́ẹ̀ le láti mọ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ fún ojú ìka, kí ẹ rí i pé ìwé inú rẹ̀ pé, pé kò sì ká igun. Sídì tí wọ́n fi ayùn gé lára páálí rẹ̀, tàbí tí wọ́n lu ihò sí, sábà máa ń jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ tà ní gbàǹjo. Tuntun lè ni, àmọ́ ó yẹ kí ọlọ́jà sọ ọ́.

Ẹ̀rí méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ibi dídán tó wà láàárín ibi tí orin parí sí àti lébẹ̀lì. Ẹ fi wé èyí tó wà lórí Discogs: bí wọ́n bá ta àtúntẹ̀ ọdún yìí fún yín, tí nọ́ńbà náà sì jẹ́ ti ẹ̀dà ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè ti wà níbẹ̀. Èkejì ni káàdì tí wọ́n máa ń fi sínú rẹ́kọ́ọ̀dù mìíràn, tó ní nọ́ńbà tí a ó fi gba orin kan náà sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà náà tí wọ́n ní ẹnì kan ti lò ó, ẹ ya àwòrán èsì náà kíá. Èsì tó ní àkókò rẹ̀ ti kọjá kò já mọ́ nǹkan kan ní tiyín.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ọlọ́jà, inú àpótí ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ojúlé ọjà náà ni kí ẹ ti kọ ọ́, kì í ṣe orí fóònù. Ẹ má ṣe pè é ní gbájú-ẹ̀ ní gbólóhùn àkọ́kọ́, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ọjà tí oníbàárà kan dá padà ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì mú. Èyí tó jọ báyìí ti tó: “Rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo rà lọ́wọ́ yín dé lánàá. Tuntun ni ẹ pè é, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù iye owó wà lábẹ́ ọ̀rá rẹ̀, ojú irin sì pọ̀ yí ihò rẹ̀ ká. Àwòrán rẹ̀ nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ dá owó mi padà, kí ẹ sì san owó tí n ó fi dá a padà.”

Ẹ máa ka ọjọ́. Lórí eBay, ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ọjà dé ni wọ́n fún yín láti fẹjọ́ sùn. PayPal fún yín ní ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tí ẹ sanwó, bí kò bá ṣe pé ẹ san án bí ẹni fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, nítorí pé irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò kankan. Ní Britain, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti kọ ọjà oníṣòwò tí kò bá ohun tí ó sọ mu. Bí ọlọ́jà bá ń sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ pa ẹjọ́ náà rẹ́ kí òun tó sanwó, ẹ má ṣe gbà.

Bí ẹ bá máa dá èyí tí ẹ ti tú padà, ẹ yọ àwo kúrò nínú àpò, kí ẹ fi sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó má baà fọ́ etí àpò náà lójú ọ̀nà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí a fi ń tọpa ẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwo náà lè mú un kí ó gba ìyàtọ̀ owó. Discogs máa ń fi iye tí wọ́n ti ta ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan hàn, èyí tó kéré jù, èyí tó wà láàárín àti èyí tó ga jù, nítorí náà ẹ kò ní í fojú díwọ̀n. Ohun tí mo ṣe nìyẹn ní tèmi: ọlọ́jà náà jiyàn fún ọjọ́ méjì, ó wo àwòrán gọ́ọ̀mù náà, ó sì san ìyàtọ̀ owó náà.