Pachysandra nínú ibòòji: ewé tó ń pọ́n, ọ̀pá tó ń jẹrà, ilẹ̀ tí kò bò

Pachysandra terminalis ni ìbéèrè wọ̀nyí dá lé lórí, ewéko tó ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní lábẹ́ igi. Japan, China àti Kòríà ló ti ṣẹ̀ wá. Kì í sábà ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, ewé rẹ̀ kì í sì í wọ́ nígbà òtútù. Ibi tí a gbìn ín sí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn tó ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń béèrè oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ká tó dárúkọ oògùn.

Ìbéèrè: Ewé rẹ̀ ń pọ́n. Mo ti fi ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Kí ló ń ṣe é?

Ẹ dá ajílẹ̀ dúró ná, kí ẹ wo ibi tí pípọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí gbogbo ewé bá ṣì lọ́nà kan náà, pàápàá níbi tí oòrùn ọ̀sán ń pa, oòrùn ló ń jó o. Kò sí ajílẹ̀ tó lè gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ hú u lọ síbi tí ibòòji wà, tàbí kí ẹ gbin igi kékeré tó máa ṣíji bò ó. Oòrùn àárọ̀ díẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan.

Bó bá jẹ́ ewé tuntun tó wà lókè ló pọ́n, tí àwọn iṣan inú ewé ṣì dúdú mìnìjọ̀, ilẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló fẹ́, pH 5.5 sí 6.5 (pH ni ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó). Bí pH bá ti kọjá 7, irin lè wà nínú ilẹ̀ kí gbòǹgbò má sì rí i mu. Ó wọ́pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí ẹfun inú sìmẹ́ǹtì máa ń jò wọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ kí ẹ tó da imí ọjọ́ sí i láti mú pH wálẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ó lè gba oṣù mélòó kan kí imí ọjọ́ tó ṣiṣẹ́. Iron chelate, irin tí wọ́n pò lọ́nà tí gbòǹgbò fi lè mu ún, lè mú àwọ̀ ewé padà láàárín ìgbà náà.

Ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó nìkan ló ń pọ́n? Ìyẹn ni ebi náítírójìn. Gíráàmù 50 ajílẹ̀ 10-10-10 (náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtáṣíọ̀mù ní ìwọ̀n kan náà) tó fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Ẹ fi omi ṣan ewé lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́n ọn, torí ajílẹ̀ tó bá jókòó sórí ewé máa ń jó o.

Ìbéèrè: Àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ ń yọ lára ewé, ó ń fẹ̀ sí i, ibi mélòó kan sì ti kú pátápátá. Oògùn wo ni kí n fín?

Ẹ já ewé kan tó lábàwọ́n, kí ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà róbótó tó ń yí ara wọn ká bíi ti omi tí a ju òkúta sí, Volutella pachysandricola ni, èbu tó jẹ́ ọ̀tá pachysandra gan-an. Ẹ yí ewé náà sẹ́yìn. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá lọ́rinrin, àwọn ẹyọ kéékèèké aláwọ̀ ọsàn máa ń yọ lẹ́yìn ewé àti lára ọ̀pá. Inú wọn ni irúgbìn èbu wà, omi tó bá ta lù wọ́n ló sì ń gbé wọn lọ sára ewé mìíràn. Tó bá dé ọ̀pá, ibẹ̀ á dúdú, á sunkì, gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ á sì rọ.

Èbu yìí kì í sábà rí irúgbìn tó lágbára gbé ṣe. Èyí tí oòrùn ti jó, tí òtútù ti bà jẹ́, tí kòkòrò ń mu tàbí tó fún pọ̀ jù ló máa ń kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ ló ṣáájú oògùn.

Ẹ dúró di ọjọ́ tí ewé gbẹ dáadáa, torí ẹni tó bá fọwọ́ kan án nígbà tó tutù ló ń bá àrùn náà rìn káàkiri. Ẹ gé gbogbo ọ̀pá tó ní àrùn dé ilẹ̀, ẹ gé díẹ̀ wọnú èyí tó ṣì dára létí rẹ̀, kí ẹ kó wọn sínú àpò kúrò nínú ọgbà. Ẹ má dà wọ́n sórí ìdọ̀tí tí ẹ fẹ́ kó jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ máa fi ọtí 70% nu àlùmọ́gàjí bí ẹ ti ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kó ewé igi tó ti dì pọ̀ sáàárín wọn, ẹ dín wọn kù níbi tó bá ti fún jù, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, nídìí, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bó bá wá ku oògùn, àwọn tó ní chlorothalonil, mancozeb tàbí thiophanate-methyl nínú ni wọ́n ń lò, nígbà tí ewé tuntun bá ń là ní ìgbà ìrúwé. Wọ́n ń dáàbò bo ewé tó ṣì mọ́ ni, wọn kì í wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ike. European Union kò gba chlorothalonil láyè mọ́ láti ọdún 2019, wọn ò sì gba mancozeb mọ́, nítorí náà ẹ wádìí ohun tí òfin ibi tí ẹ wà gbà.

Igi boxwood àti pachysandra jẹ́ ìbátan, àrùn tó ń wọ́ ewé boxwood sì lè ràn án. Ẹ má gbìn ín sídìí boxwood tó ń ṣàìsàn.

Ìbéèrè: Ewé funfun láu bí ẹni fọ́n ìyẹ̀fun sí i, àmọ́ kò ṣeé nù kúrò.

Kòkòrò ìpẹ́ ni, irú èyí tó ń bá igi euonymus jà. Akọ ló funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ewé. Abo rí bí ìkarahun kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ lára ọ̀pá, òun ló sì ṣòroó rí. Èyí tó ti dàgbà ní ìpẹ́ lára, ó ṣòro kí oògùn wọlé sí i lára. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni kí ẹ lé. Lápá ìparí ìgbà ìrúwé, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ọ̀pá, kí ẹ gbọn ọ̀n. Bí ẹ bá rí ẹyọ aláwọ̀ ọsàn bíńtín tó ń rìn, àkókò ti tó. Epo ọgbà tí wọ́n ṣe fún irúgbìn, mìlílítà 20 sínú lítà omi kan, ni kí ẹ fín, kó dé ẹ̀yìn ewé àti ìdí ọ̀pá. Ẹ dán an wò níbi kékeré, kí ẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fín in nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ irúgbìn tàbí tí ooru bá mú gan-an. Bí euonymus bá wà nítòsí, ẹ yẹ òun náà wò.

Ìbéèrè: Ọdún méjì ti kọjá, ilẹ̀ ṣì hàn láàárín wọn.

Báwo ni ẹ ṣe jìnnà síra gbìn wọ́n? Ní sẹ̀ǹtímítà 30, nǹkan bí irúgbìn 11 ló gba ilẹ̀ mítà kan lóòró àti níbùú, ó sì lè gba ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bò. Ní 20, ẹ nílò 25. Ní 15, ẹ nílò 44. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 44 lè mú sùúrù, tàbí kó fi ọ̀pá tirẹ̀ dí àlàfo. Nígbà tí ọ̀pá tuntun bá ti le díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, ẹ já ewé ìsàlẹ̀, kí ẹ ki ìdajì rẹ̀ bọ inú yanrìn tó lọ́rinrin nínú ibòòji. Gbòǹgbò sábà máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ìbéèrè: Abẹ́ igi ńlá ni mo gbìn ín sí, ó sì ń rọ bí òjò tiẹ̀ ń rọ̀.

Ewé igi ń gba òjò náà kó tó balẹ̀, gbòǹgbò igi sì ń mu ìwọ̀nba tó bá dé. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ óò rí i. Ọdún kìíní àti ìkejì ni kí ẹ má fi omi ṣeré: lítà 25 lọ́sẹ̀ kan fún ilẹ̀ mítà kan lóòró àti níbùú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kó lè wọlẹ̀, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má da erùpẹ̀ nípọn lé gbòǹgbò igi kí ẹ lè ríbi gbìn, torí gbòǹgbò náà ń mí, ẹ lè pa igi. Àwọn àpò ilẹ̀ tó wà láàárín gbòǹgbò ni kí ẹ gbẹ́, kí ẹ fi ewé jíjẹrà kún wọn, kí ẹ wá gbin àwọn ọ̀dọ́ irúgbìn kéékèèké.

Ìbéèrè: Ó ti gbó, ó ga gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣófo. Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ gékoríko gé e?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé kí ewé tuntun tó yọ. Ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ sókè dé sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ kó gbogbo ohun tó gé kúrò. Ẹ̀hù á yọ láti ìsàlẹ̀. Bí Volutella bá wà níbẹ̀, ẹ má lo ẹ̀rọ rárá, ọwọ́ ni kí ẹ fi gé e.

Ìbéèrè: Ó ti ń wọ inú koríko àgbàlá.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pá rẹ̀ ń gbà rìn, kò sì jìn. Ẹ ri irin tàbí ike pẹlẹbẹ mọ́ etí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ máa gé èyí tó bá gorí rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ igbó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yín, ẹ má gbìn ín sẹ́bàá rẹ̀, ẹ má sì da èyí tí ẹ hú síbẹ̀, torí ọ̀pá kan tó bá ní gbòǹgbò tó láti hù níbẹ̀.